Ibi Tí Ẹ Máa Ń Dúró Sí Lẹ́bàá Fèrèsé

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Orí tábìlì tí ẹ ti máa ń lọ aṣọ ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Ẹ má bínú, mo ti sún áyọ́ọ̀nù yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìwé lè ráàyè. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ìṣeré tó wà nítòsí wa, ariwo wọn ń wọlé bó ṣe máa ń wọlé, gíláàsì fèrèsé sì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé bí àwọn èèyàn wọ̀nyí bá fi ìdajì ariwo yìí gbàdúrà ni, Bertrams, àdúgbò wa yìí, ì bá ti di Jerúsálẹ́mù. Màámi wà nínú yàrá, wọ́n ń sùn. Ó rẹ̀ wọ́n. Àná la ṣe ìrántí ọdún kan yín ní gbọ̀ngán ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa.

Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá fún yín, ṣùgbọ́n n kò lè sọ ọ́ kó yé yín bí n kò bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ eku. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in dáadáa, Bàbá. Ó ti pẹ́ jù tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yín kẹ́yìn.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní yunifásítì fún yín? Ẹ̀ ń dẹ pàkúté lọ́wọ́ lẹ́yìn sítóòfù, nítorí eku tó ń gé àwọn sùtánà tí ẹ rán fún àwọn ará ìjọ jẹ. Mo ní eku ni mò ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ wo pàkúté, ẹ wò mí, ẹ wá ké sí Màámi.

"Ìyàwó, wá gbọ́ o! A palẹ̀ ẹrù mọ́ láti Èkìtì, a kó wá sí Jo'burg, ọmọ wa wọ yunifásítì, àfi ìgbà tó di tíṣà àwọn eku!"

Láti ọjọ́ náà ni ẹ ti sọ mí ní Tíṣà Eku. Ẹ kò sì tìtorí mi yọ pàkúté o. Ṣùgbọ́n tó bá ti mú ọ̀kan, ẹ ó kọ́kọ́ bi mí bóyá ọmọ kíláàsì mi ni.

Síbẹ̀, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ yé nínú ilé wa. Mo sọ fún yín pé nǹkan kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní sẹrotóníìn, pé òun ló ń jẹ́ iṣẹ́ láti ibì kan dé ibòmíràn nínú orí èèyàn, àti nínú orí eku pẹ̀lú. Kò lè dá iṣẹ́ náà jẹ́. Ó gbọ́dọ̀ rí ibi tí yóò wọ̀ sí, ibi tí yóò gbà á. Ibi tó ń gbà á yìí kì í ṣe ẹyọ kan, oríṣiríṣi ni. Irú kan wà tó jẹ́ pé bí a bá ṣí i, eku a tètè kọ́ ohun tuntun. Irú mìíràn wà tó jẹ́ pé bí a bá ṣí i, nǹkan á máa bọ́ mọ́ eku lórí. Àwọn kan sì tún wà tó jẹ́ pé ìgbà tí a bá fi oògùn dí wọn gan-an ni eku máa ń rántí nǹkan dáadáa. Irú tí a ń fi oògùn dí yìí ni iṣẹ́ tèmi dá lé lórí. Ẹ̀ ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù lọ́wọ́ nígbà tí mò ń sọ ọ́. Ẹ gbé e sókè, ẹ ní ṣé bí èyí ni: bọ́tìnnì kan, ihò púpọ̀, ihò tí a bá sì kì í bọ̀ ló máa sọ bí ẹ̀wù yóò ṣe jókòó lára. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ mi lo odindi oṣù kan lórí ọ̀rọ̀ yẹn kó tó yé àwa akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin fi bọ́tìnnì kan parí rẹ̀. Nígbà tó kàn mí láti ṣàlàyé níwájú kíláàsì, bọ́tìnnì yín ni mo lò, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, n kò sì sọ fún wọn pé bàbá mi tó jẹ́ télọ̀ ló kọ́ mi. Ẹ forí jì mí.

Bí a ṣe ń dán àwọn eku wò nìyí, bí ẹ bá ti gbàgbé. Ọpọ́n ńlá roboto kan wà tó fẹ̀ tó yàrá yìí. A ó pọn omi kún un, a ó da nǹkan funfun sí i kí ojú má lè rí ìsàlẹ̀. A ó gbé àga kékeré kan sábẹ́ omi, níbi tí eku kò ti lè rí i. A ó wá gbé eku sínú omi. Eku mọ omi wẹ̀, kò sì sí èyí tí a jẹ́ kó rì rí. Yóò máa lúwẹ̀ẹ́ kiri títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi kan àga náà, á gorí rẹ̀, á sinmi. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin, tààrà ló máa ń lọ síbẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń rí àga o. Àwọn àmì tí a lẹ̀ mọ́ ògiri ló ń wò, róbótó dúdú lápá kan, àgbélébùú lápá kejì. Ó ti mọ̀ pé bí òun bá dojú kọ èyí, tí òun fi ẹ̀yìn sí ìyẹn, ibi ìsinmi òun wà níbẹ̀.

Èmi gan-an ni kò yẹ kó gbàgbé ọ̀rọ̀ àmì.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí ẹ pinnu pé n kò ní dàgbà sí ìlú yìí láìmọ oríkì ilé wa. Ó ti sú yín láti máa fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀ kí n máa fi Gẹ̀ẹ́sì dá yín lóhùn. Bí mo bá ti ti ilé ìwé dé, ẹ ó dúró lẹ́bàá fèrèsé yìí níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ ó máa lọ aṣọ. Màámi á jókòó sórí àpótí, wọ́n á máa já òwú lára èyí tí ẹ ti rán. Èmi á dúró láàárín yàrá pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn, ebi á máa pa mí. Ẹ ó pe ìlà kan, èmi á gbè é.

Ọmọ olókè tí í fi ìrì bọ́jú,
ọmọ a-jí-gòkè-kí-oòrùn-ó-tó-là.

Ẹ ti máa ń wọ́n omi sí aṣọ sílẹ̀. Bí ẹ bá ti pe "bọ́jú" tán, ẹ ó gbé áyọ́ọ̀nù lé e, á dún ṣììì, ooru omi á bo ojú yín, ìgbà náà lẹ ó tó pe ìlà kejì. Bó ṣe ń lọ nìyẹn títí dé ìparí: ìlà kan, ṣììì, ìlà kejì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú iná lọ tí ẹ gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú jáde, ṣììì náà kì í yí padà. Bí mo bá ṣì í pè, ẹ kì í na mí, ẹ ó kàn fi ìdí áyọ́ọ̀nù kan tábìlì kó. Kò ju oṣù méjì lọ, mo ti mọ ìlà méjèèjìlélógún lórí, mo lè pè é bí ẹni mu omi.

Ẹ wá mú mi lọ síwájú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ẹ rán búbà tuntun fún mi, ẹ ti fi mí yangàn káàkiri. Mo dé iwájú, mo la ẹnu, n kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Eku kò ké bí eku, ẹyẹ kò ké bí ẹyẹ.

Bùọ̀dá kan ní ẹ̀yìn bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ Jo'burg lẹ gbé wá yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ jàre, kó kọrin ìjọba South Africa fún wa."

Ó dùn mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Ẹ dìde láàárín àwọn àgbà, ẹ rìn lọ sí ẹ̀bá fèrèsé gbọ̀ngán náà, ẹ dúró, ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ sí mi gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe máa ń dúró nílé. Ẹ tilẹ̀ na ọwọ́ ọ̀tún síwájú bíi pé áyọ́ọ̀nù wà níbẹ̀. Ó bá dé. Gbogbo rẹ̀ dé, láti ìlà kìn-ín-ní títí dé èyí tó kẹ́yìn, n kò sì gbójú kúrò lára yín títí mo fi pè é tán.

Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe lọ́jọ́ náà, Bàbá? Àbí ooru ló kàn mú yín, tí ẹ lọ gba atẹ́gùn? Gbogbo ọdún tí a jọ gbé nínú ilé yìí, n kò bi yín léèrè.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà Màámi kò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ tí ẹ fi wá sílẹ̀, ẹ pè mí lórí fóònù lọ́sàn-án. Ẹ ní kí n ki oríkì ilé wa fún yín, pé ó kàn ń wù yín gbọ́ ni. Ọwọ́ mi wà nínú omi. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n parí pẹ̀lú àwọn eku, Bàbá. Tí mo bá délé." Ẹ ní kò burú, Tíṣà Eku. Nígbà tí mo délé ẹ ti sùn. Lọ́jọ́ kejì mo jáde kí ẹ tó jí, kí n lè tètè rí taxi wọ̀. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n pè wá pé ẹ ṣubú níbi tí ẹ ti lọ ra òwú, pé ọkàn yín ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ṣé ara ti ń sọ nǹkan fún yín nígbà tí ẹ pè mí? Kò lè gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ó ń dùn mí títí di òní, n kò sì rò pé yóò tán.

Mo bá òkú yín lọ sí Èkìtì. Kí n tó lọ, mo fa àwọn eku lé Thandeka lọ́wọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n, ọmọbìnrin tó ń ti àdúgbò Alexandra wá tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí ẹ bá fa síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wọlé tó ní kò sí télọ̀ bíi yín mọ́. Bí a ṣe pín iṣẹ́ náà ni pé èmi ń bójú tó àwọn eku tó ń gba oògùn ní òwúrọ̀, òun ń bójú tó àwọn tí kò gba oògùn lọ́sàn-án. Látìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn tèmi ti ń tètè rí àga ju àwọn tirẹ̀ lọ, inú Ọ̀jọ̀gbọ́n sì ń dùn. Ó dà bíi pé dídí tí a dí ibi tó ń gba sẹrotóníìn yẹn ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti rántí.

Ìgbà tí mo padà dé, mo wo ohun tí Thandeka kọ sílẹ̀. Gbogbo eku mi ló ṣìnà. Wọ́n gba oògùn o, ṣùgbọ́n ṣe ni wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ kiri bí èyí tí kò dé inú omi náà rí. Ẹ mọ̀ mí, Bàbá, inú máa ń tètè bí mi bíi ti Màámi. Mo jágbe mọ́ Thandeka níwájú àwọn èèyàn, mo ní ó ba iṣẹ́ mi jẹ́ nígbà tí mo ń sin bàbá mi. Ó kàn ní "Eish, sisi," ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ wọ taxi rẹ̀.

Mo gbé àwọn eku náà sómi fúnra mi. Tààrà ni wọ́n lọ. Inú mi dùn fún odindi ọjọ́ kan, mo ní mo ti rí ẹlẹ́bi. Ọjọ́ kejì ni mo tó jókòó rò ó. Eku kan náà ni, oògùn kan náà, omi kan náà. Kí ló wá yí padà? Mo ní kí Thandeka dúró sí ibi tó máa ń dúró sí, lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn eku ṣìnà. Mo padà síbi tèmi. Wọ́n dojú kọ mí, wọ́n ń bọ̀, àga sì wà lọ́nà.

Ẹ̀bá fèrèsé ni ibi tèmi, Bàbá. Kò sẹ́ni tó ní kí n dúró síbẹ̀. Bí mo bá ti wọ yàrá kan tí mo fẹ́ kí ẹnì kan kọ́ nǹkan níbẹ̀, ẹsẹ̀ mi á gbé mi lọ sí ẹ̀bá fèrèsé, n kò sì mọ̀ pé mò ń ṣe é. Èmi gan-an ni àwọn eku náà fi ṣe àmì. Oògùn lè ṣe é, ó sì lè má ṣe é, ṣùgbọ́n n kò ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ nípa ihò bọ́tìnnì yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Kò sí ẹlòmíràn tó tíì rí i, Thandeka pàápàá kò mọ ìdí tí mo fi ní kó dúró. Ìwé tí a fẹ́ gbé jáde ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, oṣù díẹ̀ ló sì kù lórí pámíìtì tí mo fi ń gbé ìlú yìí. Mo rò ó fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo rántí sùtánà tí ẹ tú palẹ̀ nítorí pé èjìká kan wọ́ díẹ̀, tí ẹni tó ni ín fúnra rẹ̀ ń bẹ̀ yín pé kò hàn. Ẹ ní ó hàn sí ẹ̀yin. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a, ṣùgbọ́n kì í ṣe òwe ló gbé mi dìde, sùtánà yẹn ni. Mo lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní a ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó ní aṣọ ìkélé ni kó yí ọpọ́n náà ká, kí eku má rí ẹnikẹ́ni nínú wa mọ́, kí èmi àti Thandeka náà má sì mọ eku tó gba oògùn. Pámíìtì ṣì ń kọ mí lóminú, a ti ń bẹ̀bẹ̀ fún àfikún. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Thandeka níwájú àwọn tí mo ti jágbe mọ́ ọn. Ó ní kò sí wàhálà, "Shap, sisi. Lọ ra kota wá." Búrẹ́dì tí wọ́n kó ọ̀dùnkún díndín sínú rẹ̀ ni kota, a jọ jẹ ẹ́ lórí àtẹ̀gùn.

Màámi ló rán aṣọ ìkélé náà. Ó ya èmi náà lẹ́nu. Wọn kò tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìránṣọ yín láti ọjọ́ tí a ti Èkìtì dé. Aṣọ funfun tó ṣẹ́kù lára sùtánà ni wọ́n so pọ̀, wọ́n ní ẹ kò ní bínú.

Kí a tó gba àwọn eku tuntun, a kọ́kọ́ fi àwọn ti tẹ́lẹ̀ dán ìkélé náà wò. A so róbótó àti àgbélébùú mọ́ ara rẹ̀, èmi àti Thandeka wà lẹ́yìn, à ń wò wọ́n lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan wà tí a ń pè ní Kẹtàdínlógún, etí rẹ̀ kan gé díẹ̀. Ó wọ omi, ó lúwẹ̀ẹ́ yí etí ọpọ́n ká, ó ń gbé imú sókè lápá ibí, lápá ọ̀hún, bí ẹni ń wá èèyàn. Ó wá mi títí. Ọwọ́ mi ti wà lára aṣọ náà láti ṣí i, Thandeka ló dì mí mú. Ìgbà tó yá, eku náà dúró lójú kan nínú omi. Ó yí orí sí róbótó, ó yí orí sí àgbélébùú, ó sì lọ wẹ́rẹ́ síbi àga. Àwọn àmì yẹn ti wà níwájú rẹ̀ látọjọ́ yìí. Kò kàn rí ìdí láti wò wọ́n ni nígbà tí mo wà níbẹ̀. Mo jáde lọ sunkún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ni mò ń sọ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Bàbá alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ti ní èmi àkọ́bí ni kí n ki yín níbi ìrántí. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ń pe oríkì náà nínú yàrá yìí, ó ń wá, ṣùgbọ́n fèrèsé ni mo ń wò, áyọ́ọ̀nù yín sì wà níbẹ̀. Mo mọ ohun tó ń dúró dè mí ní gbọ̀ngán. Bí n kò bá rí i pè lánàá, a jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín ló wà ní gbogbo ọdún yìí, pé kò fìgbà kan wà lọ́dọ̀ mi, pé ẹ ti gbé e lọ.

Wọ́n pè mí síwájú. Àga oníke ni wọ́n tò jọ sẹ́bàá fèrèsé. Mo ní, "Ọmọ olókè tí í fi ìrì bọ́jú," mo sì dúró. Ìlà kejì kò sí. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Mo ti pé ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n bí ọmọdé ni mo ṣe: mo ń wo àwọn àga oníke yẹn bíi pé ẹ ó dìde láàárín wọn. Bàbá alága ti ń wá ọ̀nà láti gbà mí sílẹ̀.

Màámi wà ní iwájú pátápátá, wọ́n doríkodò, wọ́n ń wo ọwọ́ wọn. Wọn kò wò mí. Wọ́n kàn fi eyín ṣe é, wẹ́lẹ́:

"Ṣììì."

Bàbá, gbogbo ìgbà yẹn ni wọ́n wà lórí àpótí tí wọ́n ń já òwú, n kò tilẹ̀ rò pé wọ́n ń gbọ́ wa. Ìlà kejì já lu ẹnu mi. Mo pe ìlà kẹta, mo dúró, wọ́n tún ṣe é. Mo gbójú kúrò lára fèrèsé, mo kọjú sí wọn, mo sì ń pè é lọ. Nígbà tí a fi dé ìlà kẹwàá, àwọn ìyá tó jókòó tì wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe ń ki ilé wa nìyẹn, gbogbo wọn bá ń bá wa ṣe é. Mo pe ìlà méjèèjìlélógún, kò sí èyí tí mo fò.

Bí a ṣe ń jáde, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ẹgbẹ́, àwọn tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá àwọn òbí wọn lóhùn, ń sáré kiri ní ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Wọ́n ti mú ìlà kan lára rẹ̀. "Ọmọ olókè tí í fi ìrì bọ́jú, ṣììì!" Wọ́n á pè é, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún un pè. Bùọ̀dá kan ń sọ fún wọn pé ṣììì kò sí níbẹ̀, pé kí wọ́n pè é bó ṣe yẹ.

Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀, bó ṣe yẹ nìyẹn.

Ẹ sùn ire, Bàbá mi. Mo fẹ́ràn yín ju bí mo ṣe sọ ọ́ lọ nígbà tí ẹ wà.

Èmi ọmọ yín tí ẹ kọ́ lẹ́bàá fèrèsé,
Tíṣà Eku.